Bí Ọ̀gá Bá Ń Kánjú, Ta Ni Yóò Dá Bàálù Dúró?

Gbogbo ẹni tó ti dàgbà ní Tógò ló mọ ìtàn Sarakawa. Ní ọjọ́ 24, oṣù Kínní, ọdún 1974, bàálù DC-3 tó ń gbé Ààrẹ Gnassingbé Eyadéma lọ sí apá àríwá já sí Sarakawa, nítòsí Kara. Àwọn kan kú nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ààrẹ jáde láàyè. Ó ní àwọn ọ̀tá tó ń jà lórí fọ́sífétì ilẹ̀ wa ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, nígbà tó sì fi máa di ọjọ́ 2, oṣù Kejì, ìjọba ti gba iléeṣẹ́ fọ́sífétì pátápátá. Wọ́n kọ́ ilé ìrántí síbi tí bàálù náà já sí. Ẹ bi àgbàlagbà kan léèrè nípa Sarakawa lọ́jà Atakpamé lónìí, yóò sọ ti ààrẹ tí ikú kò rí mú, yóò sì sọ ti fọ́sífétì. Ẹ wá bi í bóyá ó mọ ìwọ̀n ẹrù tó wà nínú bàálù náà, ìgbà tí wọ́n yẹ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wò kẹ́yìn, tàbí bí ojú ọjọ́ ṣe rí lọ́jọ́ náà. Kò ní lè dáhùn, kì í sì í ṣe ẹ̀bi tirẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ wa pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ wà.

Ẹlòmíràn yóò ní kí ló kan òun nínú ọ̀rọ̀ bàálù àwọn ọ̀gá. Ìyá tó ń ta gaàrí ní Agbonou, bàbá tó ń kó òwú lọ sórí ìwọ̀n, ọmọkùnrin tó ń fi ọ̀kadà ná ọ̀nà Gnagna, kò sí èyí tó rò pé òun yóò wọ jẹ́ẹ̀tì aládàáni láyé òun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí ọjọ́ 3, oṣù Kẹfà, ọdún 2007. Àwọn ọmọ Tógò tó bá ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù wa lọ sí Sierra Leone wọ hẹlikópítà láti Freetown lọ sí pápákọ̀ òfurufú Lungi, nítorí omi ló pààlà sáàárín ìlú náà àti pápákọ̀ rẹ̀. Hẹlikópítà náà já, ó sì gbiná ní Lungi. Èèyàn 22 ló kú. Mínísítà eré ìdárayá wa, Richard Attipoé, wà lára wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó kàn fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, tí wọ́n tẹ̀ lé ikọ̀ orílẹ̀-èdè wọn kí wọ́n lè bá wọn pariwo, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọn kì í ṣe olówó. Wọ́n ní kí wọ́n wọlé, wọ́n sì wọlé.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bàálù àháyà ṣe ń kan mẹ̀kúnnù. Ó lè jẹ́ òkú ẹni ńlá ni wọ́n fẹ́ gbé lọ sílé. Ó lè jẹ́ aláìsàn tí àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun fẹ́ kó tètè dé ilé ìwòsàn. Ó lè jẹ́ òṣèlú tó fẹ́ kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ síbi ìpàdé, tó sì ní kí ìyálọ́jà méjì bá òun lọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá pè yín pé ẹ wá wọ ọkọ̀, kò sí àkókò láti lọ kọ́ nípa bàálù. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ ọ́ nísinsìnyí, nígbà tí ẹsẹ̀ gbogbo wa ṣì wà nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya àwọn bàálù náà sọ́tọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Àwọn kan wà bíi ti ASKY tó fi Lomé ṣe ibùdó, tí ẹni kọ̀ọ̀kan ń ra tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, tí wọ́n ní aago tí wọ́n ń gbéra. Àwọn kan wà tí èèyàn lè háyà lódindi, tí iléeṣẹ́ wọn gba ìwé àṣẹ láti máa gbé èrò gbowó. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ ti ẹni kan tàbí ti iléeṣẹ́ kan, tí wọ́n rà fún ìrìnàjò ara wọn. Àjọ ICAO, tí àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Chicago lọ́dún 1944 bí, ní ìwé òfin tirẹ̀ fún ti onítíkẹ́ẹ̀tì àti àháyà, ó sì ní òmíràn fún ti aládàáni. Ti aládàáni kò le tó ti èkejì. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ẹni tó ni nǹkan ló ń gbé ara rẹ̀, kì í ṣe èrò tó sanwó.

Ẹ fi wé mọ́tò. Táksì tó ní nọ́ńbà àti ìwé tó ń gbé èrò láti Atakpamé lọ sí Lomé, ìlànà tó yẹ kó tẹ̀ lé wà. Mọ́tò bùrọ̀dá yín tó fi ń lọ síbi iṣẹ́, tirẹ̀ yàtọ̀. Ọjọ́ tí bùrọ̀dá bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi mọ́tò yẹn kó èrò gbowó ní bòńkẹ́lẹ́, tí ó sì forí sọ igi, ìnṣọ́ránsì yóò ní òun kò mọ èrò kankan rí. Bó ṣe rí lójú ọ̀run náà nìyẹn, kàkà kó sì dín kù, ńṣe ló burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Nàìjíríà, òfin kò gba ẹni tó ní ìwé àṣẹ bàálù aládàáni láyè láti gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ èrò. Síbẹ̀, lóṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ NCAA tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú níbẹ̀ dá ìwé àṣẹ oníbàálù aládàáni mẹ́wàá dúró lórí ẹ̀sùn pé wọ́n tẹ òfin yẹn lójú. Mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá rò pé irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa kò mọ bí owó ṣe ń rìn láàárín Èkó, Kútọnu àti Lomé.

Kí ló yẹ kí awakọ̀ bàálù ṣe kó tó gbéra? Iṣẹ́ náà kò ní àwo nínú. Ó ní láti rìn yí bàálù ká, kó fi ojú àti ọwọ́ yẹ ẹ́ wò. Ó ní láti mọ ìwọ̀n èrò àti ẹrù, kó sì mọ ibi tí wọ́n kó wọn sí. Ó ní láti gba ìròyìn ojú ọjọ́ ibi tó ń lọ, kó mú ibòmíràn tí yóò balẹ̀ sí bí ibẹ̀ kò bá dára, kó sì gbé epo tó lè gbé e dé ibẹ̀ pẹ̀lú àfikún. Lẹ́yìn náà, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ yóò mú ìwé àyẹ̀wò jáde, ọ̀kan yóò máa kà á sókè, èkejì yóò máa fọwọ́ kan nǹkan náà, yóò sì máa dáhùn. Kì í ṣe pé wọn kò mọ̀ ọ́n lórí. Ohun tí èèyàn mọ̀ lórí gan-an ló máa ń fò. Ìyá tó ti ń se ọbẹ̀ fún ogójì ọdún náà máa ń gbàgbé iyọ̀ lọ́jọ́ kan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bedford, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ló jẹ́ ká mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jinlẹ̀ tó. Ní alẹ́ ọjọ́ 31, oṣù Karùn-ún, ọdún 2014, jẹ́ẹ̀tì Gulfstream kan gbé Lewis Katz, olówó kan tó wà lára àwọn tó ni ìwé ìròyìn ìlú Philadelphia, àti àwọn mẹ́ta tó bá a rìn. Àwọn awakọ̀ méjèèjì kì í ṣe ọmọdé lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí wọ́n ti jọ ń fò. Bàálù irú èyí ní ohun ìdènà kan tí wọ́n fi ń de ìrù àti apá rẹ̀ nígbà tó bá dúró sílẹ̀, kí atẹ́gùn má baà máa gbọ̀n wọ́n. Wọ́n gbàgbé láti tú u. Bí wọ́n bá ti yí ọwọ́ ìdarí síwá sẹ́yìn bí ìlànà ṣe wí, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni wọn ì bá ti mọ̀ pé nǹkan há. Wọn kò ṣe é. Bàálù sáré títí ó fi yẹ kó gbéra, kò gbéra. Nígbà tí wọ́n fi máa tẹ búrẹ́ẹ̀kì, ọ̀nà ti tán. Ó já sínú kòtò, ó gbiná. Àwọn méje tó wà nínú rẹ̀ ló kú.

Ṣùgbọ́n ohun tó wá lẹ́yìn ni a fẹ́ kí ẹ gbọ́. Àwọn olùwádìí àjọ NTSB tú ẹ̀rọ tó ń ṣàkọsílẹ̀ ìrìn bàálù náà wò. Nínú ìgbà 175 tó ti gbéra ṣáájú ọjọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n ṣe àyẹ̀wò ọwọ́ ìdarí náà pé. Ẹ̀ẹ̀mejì nínú 175! Ìyẹn ni pé kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé lọ́jọ́ kan. Wọ́n ti fi ṣe àṣà, ayé kò sì bàjẹ́, títí di alẹ́ ọjọ́ tí ayé bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ìwé ẹ̀rí wà lọ́wọ́ wọn pé àwọn aṣàyẹ̀wò ti wá, wọ́n sì ti yege. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi bàálù ṣòwò ní Amẹ́ríkà wá yẹ nǹkan bí ìgbéra 144,000 wò káàkiri, wọ́n rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan, ó tó méjìdínlógún tí wọn kò ṣe àyẹ̀wò náà pé. Amẹ́ríkà nìyẹn, níbi tí ẹ̀rọ ti ń ṣọ́ni, tí olùwádìí sì ń bọ̀ lẹ́yìn.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: ìwà awakọ̀ nìyẹn, kí ni ti ọ̀gá nínú rẹ̀? Ẹ gbọ́ ti Aspen. Ìlú kan ni Aspen láàárín òkè ní ìpínlẹ̀ Colorado. Nítorí àwọn òkè náà, ìlànà kò gba bàálù láyè láti fi irú ọ̀nà kan balẹ̀ síbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, ọdún 2001, ọkùnrin kan háyà jẹ́ẹ̀tì láti gbé àwọn àlejò rẹ̀ lọ síbẹ̀. Àwọn èrò pẹ́ kí wọ́n tó dé, bàálù gbéra lẹ́yìn àkókò tó yẹ ní nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Awakọ̀ ti sọ pé ó ṣeé ṣe kí àwọn má lè balẹ̀ sí Aspen, kí àwọn yà síbòmíràn. Nígbà tí ẹni tó háyà bàálù gbọ́, inú bí i. Wọ́n ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ oníbàálù pé kí wọ́n sọ fún awakọ̀ kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́, pé Aspen ni àwọn ń lọ. Ọ̀kan nínú àwọn èrò tún wá jókòó sẹ́yìn awakọ̀ nígbà tí wọ́n ń sún mọ́ ibẹ̀. Yìnyín ń bọ́, ilẹ̀ ti ń ṣú, bàálù mìíràn ti gbìyànjú, kò rí ọ̀nà, ó ti padà. Awakọ̀ yìí bọ́ sísàlẹ̀ ju ibi tó yẹ kó dúró sí láìrí ojú ọ̀nà. Bàálù kọlu gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Àwọn méjìdínlógún tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Ìwádìí ìjọba kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé ìtìsíwájú láti ọwọ́ ẹni tó háyà bàálù wà lára ohun tó fà á.

Ẹni tó bá ti bá dẹ́rẹ́bà ọ̀gá kan sọ̀rọ̀ rí mọ ìtàn yìí dáadáa. Lójú ọ̀nà Lomé sí Kara tó gba àárín ìlú wa kọjá, ẹ ti rí mọ́tò ńlá tó ń sáré bí ẹni pé iná ń jó o lẹ́yìn, nínú òjò, ní ojú ẹ̀bá òkè. Bí ẹ bá dá dẹ́rẹ́bà dúró, yóò ní, "Ọ̀gá ló ní kí n sáré." Kò parọ́. Ọ̀gá ló ń san owó oṣù rẹ̀, ọ̀gá náà ló lè lé e lọ́la. Awakọ̀ bàálù tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ẹni kan ṣoṣo kò yàtọ̀ sí i, àfi pé kò lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Awakọ̀ iléeṣẹ́ ńlá ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ó ní ọ̀gá tó jẹ́ awakọ̀ bíi tirẹ̀, ó ní ìwé tó sọ pé bí òun bá kọ̀, kò sí ẹni tó lè bá òun wí. Ti aládàáni ní ẹnì kan péré níwájú rẹ̀, ẹni náà sì wà nínú bàálù, ó ń wo aago.

Nílé Yorùbá gan-an, ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹwàá, ọdún 2013, bàálù àháyà kan gbéra ní Èkó láti gbé òkú Olóyè Olúṣẹ́gun Agagu, gómìnà àná ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, lọ sí Àkúrẹ́ fún ìsìnkú. Èèyàn ogún ló wà nínú rẹ̀, àwọn mọ̀lẹ́bí àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ náà wà lára wọn. Bí bàálù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ohùn ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké nínú yàrá awakọ̀ pé nǹkan kan kò tọ́. Ohùn náà kò dákẹ́. Wọn kò dúró. Ìwádìí àjọ AIB sọ pé ohun tó ń fi ìyípo abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì kejì hàn kò rí bó ṣe yẹ, agbára bàálù sì kéré láti ìbẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ àwọn awakọ̀ pinnu láti máa lọ. Kò pẹ́ lójú ọ̀run tó fi já. Èèyàn 16 ló kú níkẹyìn. Wọ́n gbé òkú kan jáde nílé láti lọ sin ín, ó di òkú mẹ́tàdínlógún. A kò sọ pé ẹnì kan nínú àwọn èrò ló ní kí awakọ̀ máa lọ. Ṣùgbọ́n àwa tí a mọ bí ìsìnkú àgbà ṣe ń rí nílẹ̀ wa, tí àwọn èèyàn ti pé, tí onílù ti dé, tí bíṣọ́ọ̀bù ń dúró, a mọ ìwúwo tó máa ń wà léjìká gbogbo ẹni tó ní iṣẹ́ ṣe lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Ti Herbert Wigwe, ọ̀gá àgbà báǹkì Access, ṣì wà nílẹ̀ tútù. Ní alẹ́ ọjọ́ 9, oṣù Kejì, ọdún 2024, hẹlikópítà àháyà gbé òun, ìyàwó rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin àti Abímbọ́lá Ògúnbánjọ, ẹni tó ti jẹ́ alága ọjà ìpín ìdókòwò Nàìjíríà, gba inú aṣálẹ̀ California. Òjò àti yìnyín wà lọ́nà. Wọ́n já, àwọn mẹ́fà tó wà níbẹ̀ ló kú. Ẹ̀rọ kan tó ń sọ bí ilẹ̀ ṣe jìnnà tó lábẹ́ wọn kò ṣiṣẹ́, wọ́n sì mọ̀ pé kò ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó gbéra. Àjọ NTSB ní awakọ̀ wọ inú ojú ọjọ́ tí kò ti lè ríran, ó sì sọ òkè àti ilẹ̀ nù. Wọ́n tún ní iléeṣẹ́ rẹ̀ kò bójú tó ètò ààbò bó ṣe yẹ. Owó Wigwe tó ra bàálù tó dára jù lọ láyé. Owó kì í tan ìmọ́lẹ̀ sínú ìkùukùu.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé, sí ọ̀rọ̀ tí àwọn ọlọ́jà yóò tètè gbà, ìyẹn òṣùwọ̀n. Ẹni tó bá ti kó òwú jáde rí lágbègbè Ogou mọ ohun tí ìwọ̀n túmọ̀ sí. Èèyàn lè jà lórí kílò méjì. Wọ́n á ní kí wọ́n tún un gbé, kí wọ́n tún un wò. Kò sí ẹni tó ń fojú díwọ̀n òwú. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2003, ní Kútọnu, fífojú díwọ̀n ni wọ́n fi kó Boeing 727 kan tó ń lọ sí Lẹ́bánónì. Iléeṣẹ́ kan láti Guinea ló ń fi bàálù náà ṣiṣẹ́. Ó ti kó èrò ní Conakry, ó tún kó sí i ní Kútọnu, àwọn kan sì wà nínú wọn tó wọ bàálù mìíràn wá láti Lomé. Ẹrù pọ̀, àwọn èrò ń lọ ṣọdún nílé. Àwọn awakọ̀ kò mọ ìwọ̀n gidi tí wọ́n gbé, wọn kò sì mọ̀ pé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù náà wà níwájú. Bàálù sáré dé òpin ọ̀nà, ṣóńṣó rẹ̀ kò fẹ́ gbé. Ó gbá ilé kékeré kan lẹ́yìn pápákọ̀, ó já sí etíkun. Nínú èèyàn 163, 141 ló kú. Ìwádìí sọ pé iléeṣẹ́ náà kò ní ìmọ̀, ètò àti ìwé tó yẹ, ó sì tún bá àwọn tó yẹ kó máa ṣọ́ wọn wí.

Ẹ wo bó ṣe sún mọ́ wa. Kútọnu kò jìnnà, èrò Lomé wà níbẹ̀. Ìjọba méjì tàbí mẹ́ta ni bàálù yẹn gba iwájú wọn kọjá, olúkúlùkù rò pé èkejì ti wò ó.

Àwọn kan yóò sọ pé jẹ́ẹ̀tì aládàáni kò pọ̀ ní Tógò, pé kí a fi ariwo yìí sílẹ̀ fún àwọn ará Nàìjíríà. Òótọ́ ni pé wọn kò pọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń balẹ̀ sí Lomé, wọ́n ń balẹ̀ sí Niamtougou. Bí ọrọ̀ ajé bá ń pọ̀ sí i, wọn yóò pọ̀ sí i. Ìgbà tí wọn kò tíì pọ̀ ló rọrùn láti tẹ ìlànà mọ́lẹ̀. A ti rí bó ṣe rí pẹ̀lú ọ̀kadà: a jẹ́ kí wọ́n kún títì tán ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá akoto.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ANAC, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Tógò, kò pọ̀. Kí wọ́n lẹ àwọn orúkọ síta, kí wọ́n sì kà wọ́n lórí rédíò ní Faransé, ní Ewé, ní Kabiyè, àti ní èdè Ifẹ̀ tí àwa ń sọ ní Atakpamé: àwọn tó ní àṣẹ láti gbé èrò gbowó nìyí, nọ́ńbà tó wà lára bàálù wọn nìyí. Kí ẹni tó bá fẹ́ háyà lè wo orúkọ kó tó san sẹ̀fá rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ fún wa pé ìròyìn kò lè dé ìgbèríko. Ní Kamina níbí, nítòsí wa, àwọn ará Jámánì ti kọ́ iléeṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì tó ń bá Jámánì sọ̀rọ̀ tààrà kí ogun ọdún 1914 tó dé, tí àwọn fúnra wọn sì bà á jẹ́ lóṣù Kẹjọ ọdún yẹn kó má baà bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Bí ọ̀rọ̀ bá lè ti Kamina dé Jámánì nígbà náà, orúkọ ogún oníbàálù lè ti Lomé dé Kamina lónìí.

A tún ń fẹ́ kí òfin dáàbò bo awakọ̀ tó bá kọ̀. Bí awakọ̀ bá ní òjò ti pọ̀ jù, tàbí ọyẹ́ ti bo Lomé, tàbí ẹrù ti wúwo jù, tí ọ̀gá sì lé e nítorí ìyẹn, kó jẹ́ ọ̀gá ni yóò dúró níwájú ìjọba láti ṣàlàyé. Kí ó sì jẹ́ èèwọ̀ fún èrò, ì báà jẹ́ òun ló ni bàálù, láti bọ́ sínú yàrá awakọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbéra tàbí tí wọ́n bá ń balẹ̀. Àwọn kan yóò ní ìyẹn ti le jù fún ẹni tó fi owó ara rẹ̀ ra nǹkan. Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ kò ní èjìká méjì, ọ̀kan fún iṣẹ́, ọ̀kan fún ojú ọ̀gá.

Ní tiyín, ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ọjọ́ bá dé tí wọ́n ní kí ẹ wá wọ bàálù àháyà, fún òkú tàbí fún bọ́ọ̀lù, ẹ béèrè. Ẹ béèrè bóyá iléeṣẹ́ náà ní ìwé àṣẹ láti gbé èrò gbowó, kí wọ́n fi hàn yín. Ẹ béèrè iye awakọ̀. Bí wọ́n bá ní ẹnì kan péré ni, tí alẹ́ sì ti lẹ́, tí òjò sì ń bọ̀, ẹ padà sílé. Ẹ wò ó bóyá wọ́n wọn ẹrù yín, kí ẹ sì sọ ìwọ̀n ara yín lóòótọ́, ẹ má tijú. Ẹ béèrè ìnṣọ́ránsì, kí ẹ rí i bóyá ó kan èrò tó sanwó. Wọn yóò bínú sí yín. Wọn yóò ní ẹ ò mọ̀wé, ẹ ń da àgbà láàmú. Ẹni tó bá bínú nítorí ìbéèrè wọ̀nyí ti dáhùn ìbéèrè náà. Bí awakọ̀ bá sì jáde wá, tó ní, "Ẹ má bínú, a kò lè lọ mọ́ lónìí," ẹ má ṣe wà lára àwọn tí yóò pariwo lé e lórí pé òkú ń dúró. Òkú lè dúró.

Ọ̀kan ṣì kù, òun ló sì gbé wa padà sí Sarakawa. Ìwé òfin ICAO tó dá lórí ìwádìí ìjàǹbá sọ pé torí kó má tún ṣẹlẹ̀ mọ́ ni wọ́n fi ń ṣe ìwádìí, kì í ṣe torí àtidá ẹnì kan lẹ́bi. Ó tún ní kí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde, kó má kọjá oṣù méjìlá bó bá ṣeé ṣe. Nítorí náà ni a ṣe lè jókòó sí Atakpamé lónìí ká mọ iye ìgbà tí àwọn awakọ̀ méjì kan ní Massachusetts fo àyẹ̀wò wọn. A fẹ́ mọ irú rẹ̀ nípa tiwa. Bí bàálù kan bá já nílẹ̀ yìí, ti ààrẹ ni o, ti oníṣòwò ni o, ti agbábọ́ọ̀lù ni o, kí ANAC ka ìwé ìwádìí rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ gbogbo ìlú kí ọdún tó yí po, ká tó máa kọ́ ilé ìrántí. A ti kọ lẹ́tà ìbéèrè lórí àwọn orúkọ oníbàálù àháyà tó ní àṣẹ ní Lomé. Ọjọ́ tí èsì bá dé, ojú ewé yìí kan náà ni a ó tẹ̀ ẹ́ sí.